Orin Tí Ẹ Ní Ẹ Kò Mọ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà láàyè, ọ̀rọ̀ yìí nìkan á mú kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ yín, kí ẹ yọ gíláàsì ojú yín, kí ẹ sì wò mí títí n ó fi gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ nínú ìwé. Nínú ìwé, ẹ ò lè wò mí bẹ́ẹ̀.

Ara Màmá ti yá. Ikọ́ tó ń yọ wọ́n lẹ́nu lẹ́yìn ìsìnkú yín ti lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bínú sí mi nítorí ìrìn àjò náà. Bí mo bá kí wọn láàárọ̀, wọ́n á dáhùn, wọ́n á wá máa wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wá àpá nǹkan lára mi. Ẹ mọ̀ wọ́n. Àfi bíi pé ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wọn ní ìfura, wọ́n sì ti wá mọ̀ ọ́n ju ọ̀gá lọ.

Kí n tó sọ ohun tí mo bá ní Ẹ̀pẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti orin, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ìkórè ọdún tí Ẹgbẹ́ Olórin Ìtùnú kọ́kọ́ wá sí Ìkòròdú? Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ọmú ni. Pásítọ̀ ti kéde pé àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ kan ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ wá bá wa kọrin, àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sì ti lọ dúró ní ebúté. Ká tó rí lánṣì la ti gbọ́ wọn. Ohùn agídìgbo ló kọ́kọ́ gba ojú omi dé, ó ń dún rọra bí ẹni ń fi ìka kan inú ìkòkò, lẹ́yìn náà jìtá, lẹ́yìn náà sáńbà tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù. Nígbà tí ọkọ̀ sún mọ́ etí omi, mo rí wọn tí wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí kò dọ́gba lára wọn, wọ́n ń kọrin bí ẹni pé ilé wọn ni wọ́n ń bọ̀.

Bàbá, ẹ mọ irú orin tí à ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kó tó dìgbà náà. Ti dùrù ni, orin òyìnbó tí wọ́n túmọ̀. Mo rò pé mo fẹ́ràn Ọlọ́run, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohun tí à ń sọ fún un. Ọ̀rọ̀ á fẹ́ lọ sókè, orin á fà á wálẹ̀. A ó fẹ́ pe ọwọ́ Olúwa, kí a tó mọ̀, dùrù á ti sọ ọ́ di ọwọ̀ Olúwa, àfi bí ẹni pé Ọlọ́run fẹ́ gbálẹ̀. Mo ti há gbogbo Ìwé Orin sórí láìmọ ìtumọ̀ ìdajì rẹ̀.

Orin tí àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ kọ lọ́jọ́ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ni wọ́n ṣe kọ ọ́:

Dìde, ọmọ ìyá mi, dìde,
Ẹni tó ń kanlẹ̀kùn kì í ṣe àlejò.
Jésù ló dúró síta,
Dìde, ọmọ ìyá mi, dìde.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Jésù tí wọ́n ń pè dúró sí ojúlé kan tí mo mọ̀, ó ń kan ilẹ̀kùn onípákó bíi tiwa, ìrì ti sẹ̀ sí i lára, ẹni tó wà nínú ilé sì ń sùn. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tètè ṣílẹ̀kùn fún un. Mi ò mọ ìgbà tí omijé bọ́ lójú mi, títí ọmọ tó dúró tì mí fi bi mí bóyá eèrà ló ta mí.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ bá Pásítọ̀ wá pàdé àlejò gẹ́gẹ́ bíi wọ́dìn ìjọ. Mo gbójú sókè láti wò yín, mo rò pé ẹ̀yin náà á ti máa mi orí. Rárá. Ẹ ti ká ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ ń wo àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe máa ń wo aṣọ tí oníbàárà bá gbé padà wá pé lọ́wọ́ yín ló ti ya. Ẹ kò kí wọn káàbọ̀. Ẹ kàn yíjú sí Pásítọ̀.

“Ta ló rán wọn wá?”

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. “Wọ́dìn, Ẹ̀mí Mímọ́ ló rán wọn.”

Ẹ kò rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ náà kò jìnnà sí wa mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ní Èjìnrìn lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á kọrin fún àwọn ọlọ́jà tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀, wọ́n á wá bá lánṣì dé ọ̀dọ̀ wa. Inú ilé ìkẹ́rùsí kan ní ebúté, tí òórùn gààrí kò kúrò nínú rẹ̀, ni wọ́n ti ń kọ́ àwa ọmọ ìjọ ní orin. Bùrọ̀dá Láńre tó ń darí wọn ló ń lu agídìgbo. Tísà ni wọ́n ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì máa ń dijú tí wọ́n bá ń kọrin. Wọn kì í sọ fún wa ibi tí ọ̀rọ̀ orin ti wá nínú Bíbélì. Wọ́n á ní ká lọ wá a. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo wá ọkùnrin tó ń kanlẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí búrẹ́dì, mo wá obìnrin tó ń gbálẹ̀ nítorí owó fàdákà rẹ̀ tó sọnù, títí mo fi ka Ìwé Lúùkù tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi níṣẹ́. Tí mo bá ń lọ ata, orin ni. Tí mo bá ń pọnmi, orin ni. Àdúrà tí mò ń gbà nígbà kan rí, mò ń gbà á kí ẹ má baà bá mi wí ni. Èyí tí mo wá ń gbà lẹ́yìn orin yẹn, tèmi ni.

Ṣùgbọ́n ẹ ń ṣọ́ mi. Ẹ kò ní kí n má lọ, ẹ kò sì ní kí n lọ. Bí mo bá ti dé láti ebúté, ẹ ó pè mí sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mìíràn á bi ọmọ rẹ̀ pé kí ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ̀yin kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

“Kí ni wọ́n bi ọ́?”

“Wọn ò bi mí ní nǹkan kan, Bàbá.”

“Wọ́n béèrè orúkọ bàbá ẹ?”

“Rárá.”

“Wọ́n béèrè ibi tí bàbá ẹ ti wá?”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni ẹ ń fura sí. Màmá náà rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n tú àpótí aṣọ mi wò, wọ́n wá lẹ́tà, wọn ò rí i. Ìyá ọ̀rẹ́ mi tún wá sọ fún wọn pé agídìgbo yìí kan náà ni àwọn ọ̀mùtí ń jó sí lọ́tẹ́ẹ̀lì l’Ékòó, pé ohun tí wọ́n fi ń mu ọtí lọ́jọ́ Sátidé kò yẹ kó wọ ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ọmọ tó ń gbé nǹkan pa mọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju orin lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Mo gbé ìkọ́kọrẹ́ wá fún yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ẹ ń rán kọ́là aṣọ ẹnì kan, ariwo òjò kò sì jẹ́ kí ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ ń kọrin. Ẹ ń kọ ọ́ sí inú imú, ẹsẹ̀ yín sì ń tẹ ẹ̀rọ sí i. Dìde, ọmọ ìyá mi, dìde. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ ké. Mo ní, Bàbá mi náà ti gbà! Àfi bí ẹ ṣe dé ibi tí àwa máa ń parí rẹ̀ sí, tí ẹ kò dúró:

Bí mo bá pẹ́, má tìlẹ̀kùn,
Ọ̀nà ló jìn, kì í ṣe pé mo kọlé.

Ẹgbẹ́ Ìtùnú kò kọ ẹsẹ yẹn rí. Bùrọ̀dá Láńre kò fi kọ́ wa. Mo dúró síbẹ̀, abọ́ ń jó mi lọ́wọ́, n kò lè gbé e sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bojú wẹ̀yìn tí ẹ rí mi, ẹ̀rọ náà dákẹ́ lójijì.

“Ó ti pẹ́ tó o ti dúró níbẹ̀?”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.”

“Gbé oúnjẹ sílẹ̀ kó o máa lọ.”

Láti ọjọ́ náà ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí yín. Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n lára yín ni mo ti kọ́ ọ. Páńsá kò fura, páńsá já síná. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́. Mo wá ń ro gbogbo ohun tí n kò rò rí. A mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni yín. Bí abẹ́rẹ́ bá gún yín, èdè Ẹ̀pẹ́ lẹ fi ń kígbe. Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà. Lánṣì ń lọ, ó ń bọ̀. Èé ṣe tí ẹ kò gbé wa débẹ̀ rí? Ẹ ní àwọn ènìyàn yín ti kú tán. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní sàréè tí a lè lọ wò?

Ẹ̀yin náà ò gbàgbé ọjọ́ ìpàdé ìjọ. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ tó ń ṣòwò pákó ti lọ sí Ẹ̀pẹ́ nínú oṣù ààwẹ̀ àwọn ìmàle, ó sì ti gbọ́ àwọn ajísààrì tí wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní ìdájí, tí wọ́n ń fi orin jí àwọn ènìyàn kí wọ́n dìde jẹun kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní orin wa ni wọ́n ń kọ. Ó ní, àbí kí òun sọ pé orin wọn ni àwa ń kọ. Ó dìde láàárín ìpàdé, ó na ìka sí Bùrọ̀dá Láńre.

“Orin ìmàle ni wọ́n kó wọ ilé Ọlọ́run fún wa! Ẹ bi í, kó sẹ́!”

Bùrọ̀dá Láńre kò sẹ́. “Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ ní agboolé wa, sà. Ohùn náà wù mí. Mo fi orúkọ Jésù sí i.”

Gbogbo ilé hó. Àwọn kan ní kí wọ́n má wá mọ́. Àwọn kan ní kí àwa ọmọ tó ti kọ́ orin náà wá tọrọ ìdáríjì. Mo jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Bí orin náà bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí ni ti ìgbàgbọ́ tó ti inú rẹ̀ wá bá mi? Ṣé màá dá a padà ni?

Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè kí ariwo lè dákẹ́, wọ́n yíjú sí yín.

“Wọ́dìn, ẹ̀yin nìkan lọmọ Ẹ̀pẹ́ láàárín wa. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé orin ìmàle ni?”

Ẹ dìde. Ẹ tún etí agbádá yín gbé sí èjìká. Mo ní, ó ti tán, bàbá mi á lé wọn lọ lónìí, ohun tí bàbá mi ti ń wá láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí àwọn ọmọ yìí nìyí. Ẹ wo Bùrọ̀dá Láńre. Bùrọ̀dá Láńre wò yín, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín kékeré kan báyìí, bí ẹni mọ ohun tí ẹnìkejì fẹ́ sọ. Mo rí ẹ̀rín yẹn, Bàbá. Mi ò tíì rí ẹni ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

“Mi ò mọ orin náà,” ni ẹ wí. “Mi ò gbọ́ ọ rí kí àwọn ọmọ yìí tó kọ ọ́. Orin Ọlọ́run ni mo gbọ́ nínú rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀. Ta ló fẹ́ bá ọmọ Ẹ̀pẹ́ jiyàn lórí orin Ẹ̀pẹ́? Onípákó jókòó. Kò sẹ́ni tó tún ní kí Ẹgbẹ́ Ìtùnú má wá mọ́.

Mò ń tẹ̀lé yín lẹ́yìn bí a ṣe ń lọ sílé. Mo fẹ́ bi yín. Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ máa ń nà wá nítorí irọ́ tí kò tó èékánná? Ṣé tèmi lẹ rò, kí wọ́n má baà gba orin náà lẹ́nu mi? Àbí ẹ̀rù ló bà yín, pé bí ẹ bá ní ẹ mọ̀ ọ́n, wọ́n á bi yín bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí a dé kọ̀rọ̀ ilé ni ẹ tó sọ̀rọ̀.

“Sọ fún wọn kí wọ́n wá gba ìwọ̀n. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wọ̀ yẹn kò gún.”

Ẹ rán aṣọ náà fún wọn, ẹ sì rán an dáadáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ ń gba ìwọ̀n Bùrọ̀dá Láńre, èmi ni mò ń mú ṣóòkì dání fún yín. Ẹ gbé okùn ìwọ̀n yí ọrùn wọn ká, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀.

“Agboolé wo ni tiyín l’Ẹ́pẹ̀ẹ́?”

“Létí omi ni, sà, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àtijọ́.”

Ọwọ́ yín dúró lọ́rùn wọn. Ó dúró pẹ́ débi pé Bùrọ̀dá Láńre fi ìka kan tú okùn náà díẹ̀ kí wọ́n lè mí.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì àwọn tó fẹ́ gba ìgbọ́wọ́lélórí, Pásítọ̀ bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan nípa ọjọ́ tí a gbàgbọ́. Mo sọ ti ebúté àti ti orin. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé Jésù lo gbà ni, àbí agídìgbo?” Mo gbé ìbéèrè náà wá sílé, mo bi yín. Ẹ ń gé aṣọ lọ́wọ́, ẹ ò sì gbójú sókè. Ẹ ní bí òùngbẹ bá ń gbẹ ènìyàn tó bá rómi mu, kì í béèrè odò tí wọ́n ti pọn ọ́n. Inú mi dùn. Ẹ gé aṣọ náà títí ẹ fi dé etí rẹ̀, ẹ wá ní, “Ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn béèrè.”

Èwo nínú méjèèjì lẹ fẹ́ kí n gbà?

Ọyẹ́ tó kọjá ni ibà mú yín, kò sì jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ púpọ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ̀yin kọ́ ni mo fẹ́ máa sọ ìyẹn fún. Ohun tí ẹ kò rí ni mo fẹ́ sọ. Ẹgbẹ́ Ìtùnú wá síbi ìsìnkú yín, wọ́n wọ aṣọ tí ẹ rán. Bùrọ̀dá Láńre mú ìyá àgbàlagbà kan wá, tó bo orí, tó mú tẹ̀súbáà dání. Ìyá náà kò wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dúró lábẹ́ igi máńgòrò níta. Nígbà tí a gbé yín jáde tí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ orin, mo rí i tí ẹnu ìyá náà ń lọ pẹ̀lú orin, lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo wo ojú wọn. Imú yín ló wà níbẹ̀, Bàbá. Ó wà níbẹ̀ bí ẹni gbé e kúrò lójú yín fi síbẹ̀.

Kí a tó ti ibi sàréè dé, wọ́n ti lọ bá lánṣì. Bùrọ̀dá Láńre ló sọ fún wa pé ẹ̀gbọ́n yín ni, pé ẹ jọ mu ọmú kan náà ni, pé wọ́n ní kí n wá.

Màmá ṣí gèlè kúrò lórí. “Ẹ̀gbọ́n tí kò mọ ilé àbúrò nígbà tó wà láàyè, kí ló ń wá nígbà tó kú? Ilé ni, àbí ọmọ? O ò ní lọ.”

Mo lọ. Ó gbà mí ní gbogbo àsìkò òjò kí n tó rí Màmá bẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀kọ àti ẹja díndín tí màá jẹ lọ́nà, wọ́n ní omi Ẹ̀pẹ́ pàápàá, n kò gbọdọ̀ mu ún. Nínú lánṣì, mo di ẹrù mi mọ́ àyà. Nígbà tí a yà ní Èjìnrìn, obìnrin kan tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé bi mí ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní n kò mọ̀. Èsì tí ẹ̀yin ì bá fẹ́ nìyẹn.

Ilé náà wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ògiri kan ló wà láàárín rẹ̀ àti ilé àwọn Bùrọ̀dá Láńre. Ẹja ni ẹ̀gbọ́n yín ń yan. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n di àgbọ̀n mi mú, wọ́n yí ojú mi sí ìmọ́lẹ̀.

“O jọ ọ́,” ni wọ́n wí. Wọn ò sunkún.

Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ jẹ́ olórí ajísààrì nígbà èwe yín, pé kò sí ohùn tó dà bíi tiyín létí omi. Wọ́n ní àwọn sì jẹ́ asùn-bí-òkú. Bí ẹ bá fẹ́ jí àdúgbò, fèrèsé àwọn lẹ máa ń kọ́kọ́ kàn, àwọn lẹ sì ṣe orin náà fún, ọmọ ìyá yín. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n fẹ́ rán yín lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Ìkòròdú lẹ fi ẹsẹ kejì kún un. Wọ́n kọ ọ́ fún mi. Kò yàtọ̀ sí tiyín ní ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ ló mú yín wọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé nígbà tí ẹ wá sílé sọ ọ́, bàbá yín ní kí ẹ yan ọ̀kan, ilé tàbí àgbélébùú. Ẹ jáde ní ìdájí láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

“Ọjọ́ tó lọ, kò kọrin,” ni wọ́n wí. “Ìdí nìyẹn tí n ò fi jí.”

Bàbá, mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ààfáà àgbàlagbà kan tó ń gbé ní ojúlé kejì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí mo jáde lọ bọ́jú. Ó ní kí n má bá ìyá náà jiyàn, torí arúgbó ni, ṣùgbọ́n orin náà ti wà kí a tó bí ẹ̀gbọ́n yín. Pé ìyá òun kọ ọ́ fún òun. Èwo ni òótọ́? Ẹnikẹ́ni létí omi lè mọ ẹsẹ kejì. Ẹni tí àárò àbúrò rẹ̀ ń sọ lè rọ ìtàn, kó sì gbà á gbọ́ fúnra rẹ̀.

Mo bi Bùrọ̀dá Láńre gbangba pé ṣé orin ló gbé wọn wá sí Ìkòròdú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àbí ẹnì kan ló rán wọn láti fi orin wá yín. Wọ́n ń nu ara agídìgbo wọn. Wọ́n ní, “Ìhìnrere ni mo gbé wá, àbúrò mi.” Wọn ò wò mí lójú. Mo padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ rán wọn, mà?”

Wọ́n yọ egungun kúrò nínú ẹja, wọ́n fi ẹja náà sórí ẹ̀bà tó wà níwájú mi.

“Jẹun,” ni wọ́n wí.

Mo wo oúnjẹ náà. Mo rántí Màmá. Mo rò ó pé bí ẹ̀gbọ́n yín bá rán wọn lóòótọ́, a jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo pè ní ìpè Ọlọ́run sí mi, ìpè obìnrin kan sí àbúrò rẹ̀ ni, èmi kàn dúró sáàárín ni. Ó dùn mí. Lẹ́yìn náà ni mo tún rò ó pé ta ló ní Ọlọ́run kò lè gba ibẹ̀ kọjá? Obìnrin tó ń gbálẹ̀ nínú Lúùkù ńkọ́, ṣé kì í ṣe ohun tirẹ̀ tó sọnù ló ń wá? Mi ò mọ̀. Mo fọ ọwọ́ mi, mo jẹun. Ó dùn, Bàbá. Wọ́n fi irú sí ọbẹ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n sìn mí dé etí omi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí nípa gbogbo ọdún tí ẹ fi wà lọ́dọ̀ wa. Wọn ò béèrè ilé yín. Wọ́n ní, “Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín?” Mo sọ fún wọn nípa ìgbà tí ewúrẹ́ Pásítọ̀ wọ inú ìsìn tó jẹ òdòdó ìkórè, tí ẹ fi ìwé ìkéde bojú tí èjìká yín ń gbọ̀n. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún un sọ títí lánṣì fi fọn fèrè.

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ lórin báyìí. Mo ṣì gbàgbọ́, mo sì ṣì ń fura. Mo ti bá Olúwa sọ méjèèjì, kò sì lé mi. Mi ò tíì fi ẹsẹ kejì kọ́ wọn. Mò ń dúró kí n mọ ẹni tó ni ín, ó sì ti ń dà bíi pé n kò ní mọ̀ ọ́n.

Lánàá ni Bùrọ̀dá Láńre tún ránṣẹ́ wá. Ẹ̀gbọ́n yín ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọn ò sọ ìdí tí wọ́n fi ń bọ̀, wọn ò sì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ. Màmá ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ yín wọ yàrá, wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ sí i, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ náà sọ́rùn. Láàárọ̀ yìí, mo bá wọn nínú yàrá àlejò. Wọ́n ń tẹ́ ẹní tuntun, wọ́n sì ń kùn pé kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí àlejò ni. Wọ́n wá bi mí, láìwojú mi, bóyá obìnrin Ẹ̀pẹ́ yẹn máa ń fi ata púpọ̀ sí ọbẹ̀.

Mo ní kì í ṣe púpọ̀, mà.

Èmi ni, Bàbá, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì bi yín léèrè tán.